Ta Ló Ń Jẹ Èèpo Ọsàn? Ohun tí òkè òkun ń béèrè kí ọsàn tútù tó wọlé

Àbúrò mi obìnrin kan tó ń ta ọsàn ní Kétu ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọsàn wà lọ́wọ́ òsì, ó ń bó o yípo láìgbé ọ̀bẹ sókè, èèpo ń já sínú bàsíà bí ọ̀já. Ó ti gbọ́ lórí rédíò pé àwọn ará Yúróòpù máa ń dá ọsàn Gúúsù Áfíríkà padà torí àmì dúdú kéékèèké tó wà lára rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú ọsàn yẹn ló bàjẹ́ ni?"

Mo ní rárá, inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì dùn.

Ó dá ọ̀bẹ dúró. "Èèpo lásán? Èyí tá a máa dà nù yìí? Ta ló ń jẹ èèpo?"

Ìbéèrè yẹn ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, títí kan àwọn tí wọ́n ti náwó rẹpẹtẹ sórí oko kí wọ́n tó béèrè ohun tí ẹni tó máa rà á ń fẹ́. Wọ́n gbọ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ìjọba kó tó lè kó ọsàn tútù lọ sókè òkun, wọ́n sì rò pé ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé ọsàn yìí ṣeé mu, pé kò ní í run ẹnikẹ́ni nínú. Ìwé náà ò dá sọ́rọ̀ ikùn rárá. Ìjọba kan ló ń bá ìjọba ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohun tó sì ń sọ ò ju pé: a ti yẹ ọjà yìí wò, kò gbé àrùn tàbí kòkòrò tí yóò ba igi yín jẹ́ wọ̀lú. Igi ni wọ́n ń ṣọ́. Bí ẹ bá ti fi èyí sọ́kàn, púpọ̀ nínú òfin tó dà bí ọ̀rọ̀ wèrè yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í yé yín.

Ẹ má pò ó mọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó ní májèlé. Ẹ ó rántí pé ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos ni wọ́n bá lára ẹ̀wà náà, ó sì ju ìwọ̀n tí wọ́n gbà láyè lọ. Ọ̀rọ̀ ohun tí èèyàn ń fi sẹ́nu nìyẹn. Àyẹ̀wò rẹ̀ yàtọ̀, òfin rẹ̀ náà yàtọ̀. Ọsàn lè yege lẹ́nu ọ̀nà kan kó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà kejì. Àgbẹ̀ tó bá rọ oògùn lé ọsàn lórí kí kòkòrò má bàa ṣẹ́ kù síbẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gi, kí àwọn aṣọ́nu wá gbá a mú. Àárín àwọn méjèèjì ni ọ̀nà tóóró tí olùtajà ń tọ̀.

Àdéhùn tó dá ètò aṣọ́gi yìí sílẹ̀ ti pẹ́. Ọdún 1951 ni wọ́n fọwọ́ sí i lábẹ́ FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé tó wà ní Róòmù. IPPC ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òun ló ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yan ilé iṣẹ́ ìjọba kan tí yóò máa fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà. Ní Nàìjíríà, NAQS ni, èyí tí àwọn ará ọjà kàn ń pè ní kuarantáìnì. Ní Amẹ́ríkà, APHIS ni. Àpèjúwe kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé nínú ìwé náà káàkiri ayé, àwọn oníṣòwò sì ti gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí "phyto". Nígbà tó di 1995, àdéhùn mìíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ WTO, àjọ ìṣòwò àgbáyé: orílẹ̀-èdè lè ṣòfin láti dáàbò bo igi rẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́, kó má fi ọ̀rọ̀ àrùn bojú láti lé ọjà ẹlòmíì. Ẹ fi ìyẹn pamọ́, ìjà ń bọ̀ níwájú.

Nígbà tó jẹ́ pé igi ni wọ́n ń ṣọ́, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí olùtajà béèrè ni bóyá ibi tó ń kó ọsàn lọ ní oko ọsàn tirẹ̀. Ẹ wo Bìrìtéènì. Òtútù ò jẹ́ kí wọ́n lóko ọsàn, nítorí náà wọn ò béèrè phyto lórí èso ọsàn mọ́. Ẹ wá wo Nẹ́dálándì, tí òtútù ti ń mú bákan náà, tí àwọn náà ò sì lóko ọsàn. Ọsàn tó bá gúnlẹ̀ sí èbúté Rotterdam gbọ́dọ̀ ní phyto, àyẹ̀wò sì ń dúró dè é. Èé ti rí? Torí pé láti Rotterdam, ọkọ̀ akẹ́rù lè gbé e dé Valencia ní Sípéènì láìsí ẹnubodè kan tí yóò dá a dúró. Sípéènì, Ítálì, Gíríìsì, Pọ́túgà àti Sáípírọ́ọ̀sì lóko ọsàn, inú agbo kan náà sì ni wọ́n wà pẹ̀lú Nẹ́dálándì. Ọsàn láti oko kan náà, nínú páálí kan náà: etíkun kan jẹ́ kó kọjá, etíkun tó dojú kọ ọ́ ń béèrè ìdìpọ̀ ìwé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí àmì dúdú. Citrus black spot ni wọ́n ń pe àrùn náà. Phyllosticta citricarpa sì ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sọ ohun tó ń fà á. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, ẹbí ohun tó ń mú búrẹ́dì bu. Ọsirélíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, ní 1895. Bí ẹ bá mú ọsàn tó ní in lọ́wọ́, ẹ ó rí ojú róbótó kan tó jìn sínú díẹ̀, àfi bí ẹni fi orí bírò tẹ̀ ẹ́. Àárín rẹ̀ rí bí eérú, etí rẹ̀ dúdú. Bí ẹ bá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, ẹ ó tún rí ẹyọ dúdú tín-tìn-tín láàárín eérú náà. Ibẹ̀ ló mọ. Kì í wọnú, ẹni tó bá mu ọsàn náà ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é.

Ewé gbígbẹ tó jábọ́ sábẹ́ igi ni ilé rẹ̀. Bí òjò bá mú kí ewé náà rin, á tú hóró rẹ̀ tó kéré ju èruku lọ sáfẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á gbé e sára ọsàn wẹẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so. Á wọ abẹ́ èèpo, á sùn. Ibi tó ń kó gbogbo wọn láyà sókè nìyí, torí ó lè sùn síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Àgbẹ̀ á ká ọsàn tó ń dán, olùyẹ̀wò á yí i síwá sẹ́yìn kò ní rí nǹkan, wọ́n á fọwọ́ síwèé, kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan lójú òkun, wọ́n ṣí kọ̀ntẹ́nà ní Yúróòpù, àmì dúdú ti yọ.

Ta wá ló ń jẹ èèpo? Ibi tí wọ́n ń jù ú sí lẹ́yìn tí wọ́n bá bó o tán ni Yúróòpù ń bẹ̀rù. Bí ọsàn tó ní àmì bá bọ́ sídìí igi ọsàn ní Sípéènì, tí òjò sì pa á, omi òjò lè ta hóró àrùn náà láti ara èèpo sára ewé ìsàlẹ̀ igi. Bó bá ti débẹ̀, ewé á bọ́ lákòókò rẹ̀, àrùn á ti ní ilé tirẹ̀ nílẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ á ti kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ gbá kúrò.

Gúúsù Áfíríkà ò gbà. Òun ló tẹ̀ lé Sípéènì nínú àwọn tó ń ta ọsàn tútù sókè òkun jù lọ láyé, nítorí náà ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ẹnu kékeré. Ó ní: ta ló ń gbé èèpo ọsàn láti ilé ìdáná lọ dà sídìí igi nínú oko? Ó tún ní ọsàn tí òun ti ń tà fún Yúróòpù láti àìmọye ọdún ò tíì gbin àrùn yìí sí oko ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àti pé ojú ọjọ́ etí òkun Mẹditaréníà, tí òjò ti ń rọ̀ nígbà òtútù tí ẹ̀ẹ̀rùn sì gbẹ táútáú, ò gba àrùn náà láyè. Àwọn onímọ̀ Yúróòpù ní ó lè gbà á. Nígbà tó sì di 2019, wọ́n bá àrùn náà nínú oko ọsàn ní Tùnísíà, tí etí òkun Mẹditaréníà kan náà ń fọ̀. Ìyẹn gba agbára díẹ̀ lọ́wọ́ àlàyé ojú ọjọ́. Síbẹ̀síbẹ̀, ní oṣù kẹrin 2024, Gúúsù Áfíríkà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí WTO. Lójú tèmi, ẹ̀rù tó ń ba Yúróòpù kì í ṣe irọ́; àmọ́ àgbẹ̀ Sípéènì ò ní sunkún bí ọsàn ẹlòmíì bá kù sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹni tó bá sì sọ pé ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí kò tíì bá àwọn oníṣòwò gbé.

Títí tí wọ́n á fi parí ẹjọ́ wọn, àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ní Gúúsù Áfíríkà, láti bí oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní, nígbà tí ọsàn ṣì wà ní kékeré, wọ́n á máa rọ oògùn sí i léraléra. Wọ́n á gbá ewé ìdí igi. Oko kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí ìjọba mọ̀ ọ́n mọ́, nọ́ńbà náà sì ń bá ọsàn rìn láti orí igi dé orí páálí. Tí wọ́n bá dé ẹnubodè Yúróòpù, àwọn olùyẹ̀wò á yọ ọsàn sílẹ̀, ó kéré tán 200 nínú tọ́ọ̀nù 30, wọ́n á máa yí wọn wò lábẹ́ iná. Bí wọ́n bá rí àmì kan ṣoṣo tó jẹ́ ti àrùn yìí lóòótọ́, wọ́n á ka nọ́ńbà orí páálí, oko tó ti wá á sì di mímọ̀. Olóko yẹn lè máà rí ọsàn tà fún Yúróòpù mọ́ títí ọdún yẹn á fi parí.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí pé ọsàn tá a rà jọ láti ọwọ́ àgbẹ̀ ogún lójú ọjà, tá a dà pọ̀ mọ́ra, kò lè lọ. Kì í ṣe pé kò dáa. Kò ní orírun ni.

Ọ̀rọ̀ ewé tún wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, tanjarín tó ní ewé tútù lórí ni a fi ń mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ toko dé. Ìyá ọlọ́jà á gbé ewé náà síwájú kí oníbàárà lè rí i. Yúróòpù ò fẹ́ rí ewé lórí ọsàn tó ti òkè òkun wá, kò sì fẹ́ rí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi so mọ́ ẹ̀ka. Nítorí náà, ẹni tó ń ká ọsàn fún òkè òkun kì í já a. Bó bá já a, ihò á dá sí i lórí, á sì jẹrà kó tó débìkan. Á fi àlùmọ́gàjí kékeré gé e kúrò lára ẹ̀ka, á tún un gé lẹ́ẹ̀kejì mọ́ ọsàn lórí pẹ́kípẹ́kí, tí yóò fi ku kìkì ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé yẹn tó dà bí bọ́tìnnì. Bó bá fi igi rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, á gún ọsàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú páálí. Gígé lẹ́ẹ̀mejì, ọsàn kọ̀ọ̀kan, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Kí ló burú nínú ewé? Ẹ lọ bi àwọn ará Florida. Ní 1998, wọ́n rí kòkòrò tín-ín-rín kan lórí ewé ọsàn níbẹ̀, èyí tó máa ń fa omi ewé, tó ń tẹrí mọ́lẹ̀ tó sì na ìdí sókè bó bá ń jẹun. Ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá. Ní 2005, wọ́n rí àrùn tí kòkòrò yẹn ń gbé kiri: huanglongbing, orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà fún un torí bó ṣe ń sọ ọ̀mùnú igi di ofeefee. Bakitéríà ni, inú iṣan igi ló ń gbé, kò sì sóògùn tó ń wò ó. Ọsàn á kéré, á wọ́, á korò, á máa bọ́ kó tó pọ́n. Nígbà ìkórè 2003 sí 2004, Florida ká àpótí ọsàn tó tó mílíọ̀nù 242. Nígbà ìkórè 2024 sí 2025, nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 ló kù. Ìjì líle àti ilé kíkọ́ dá kún un, àmọ́ àrùn yẹn ló fọ́ wọn lẹ́yìn.

Kí ìyẹn tó dé, àwọn ará Florida kan náà ti rí ogun mìíràn, ti àrùn tó ń mú kí ewé àti èso ọsàn yọ èépá, citrus canker. Láàárín 1995 sí 2006, ìjọba gé igi ọsàn tó lé ní mílíọ̀nù 16 láti fi pa á run. Òfin wọn ni pé igi èyíkéyìí tó bá wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1,900 sí igi tó ní àrùn gbọ́dọ̀ lọ, bó ti wù kára rẹ̀ le tó. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé ayùn wọ ẹ̀yìnkùlé onílé, wọ́n gé igi tí bàbá ẹni gbìn. Àwọn onílé pe ìjọba lẹ́jọ́. Ìjì líle 2004 àti 2005 wá fẹ́ àrùn náà ká, ìjọba sì jáwọ́ níbẹ̀rẹ̀ 2006. Ẹni tójú rẹ̀ ti rí irú èyí, bó bá gba ọsàn kan lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú tó jù ú sínú garawa, ẹ ò ní bínú sí i jù.

Àmọ́ o, òmíì wà tí kò sí lórí èèpo, tí kò sí lórí ewé. Àfòpiná kékeré kan ni, ọmọ Áfíríkà gidi, false codling moth ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Abo á yé ẹyin sára ọsàn lóru. Ọmọ tó bá jáde nínú ẹyin á lu ihò bí ojú abẹ́rẹ́, á wọlé, á sì máa jẹun lọ́hùn-ún. Lóde, ọsàn ṣì ń dán. Kì í ṣe ọsàn nìkan ló sì ń jẹ. Ó ń jẹ ata, ó ń jẹ àgbàdo. Àwọn àgbẹ̀ Gúúsù Áfíríkà á ṣa gbogbo ọsàn tó bá bọ́ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Ní Citrusdal, wọ́n ń sin àfòpiná yìí fúnra wọn, wọ́n á fi ìtànṣán sọ wọ́n di àgàn, wọ́n á wá tú wọn sórí oko kí àwọn ti inú oko lè máa bá wọn gùn lásán láìrọ́mọ bí. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí ju gbogbo ohun tó kù lọ: ẹ̀ ń bọ́ ọ̀tá yín kí ìran rẹ̀ lè pa rẹ́.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, òtútù ni wọ́n fi ń pa á. Fíríìjì ilé wa sábà máa ń wà ní nǹkan bíi ìwọ̀n 4 lórí Celsius. Èyí tí Yúróòpù ń béèrè fún ọsàn láti ibi tí kòkòrò yìí wà sún mọ́ òdo, nígbà míì ó rẹlẹ̀ ju òdo lọ díẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Wọn ò fi ọwọ́ kan ara kọ̀ntẹ́nà láti mọ̀ ọ́n o. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ń ki bọ inú ẹran ọsàn gan-an, ó ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Bí ẹ̀rọ bá kú láàárín òkun tí ọsàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọjọ́ tí wọ́n ti kà lè di òfo. Òtútù yẹn náà sì ní ìyà tirẹ̀: ó ń ba èèpo jẹ́, pàápàá ti lẹ́mọ́ọ̀nù àti gírépù, èèpo á jìn kòtòkòtò, á pọ́n rúsúrúsú, ọlọ́jà á sì ní òun ò rà mọ́.

Ní 2022, Yúróòpù tẹ òfin òtútù tuntun jáde ní oṣù kẹfà, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 14 oṣù keje. Ọkọ̀ ti wà lójú òkun. Ọ̀pọ̀ kọ̀ntẹ́nà ọsàn há sí èbúté Yúróòpù torí pé ìwé wọn bá òfin àná mu, kò bá ti òní mu. Kí oṣù keje náà tó parí, Gúúsù Áfíríkà ti wà níwájú WTO.

Nílẹ̀ tiwa níbí, eṣinṣin èso ló le jù. Èyí tó burú jù nínú wọn, Bactrocera dorsalis, Éṣíà ló ti wá. Wọ́n rí i ní Kẹ́ńyà ní 2003, kò sì pẹ́ tó fi dé Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Máńgòrò ló fẹ́ràn jù, kì í sì í fojú fo ọsàn. Ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn onímọ̀ rí i pé igi máńgòrò tí èèrà pupa yẹn wà lórí rẹ̀, èyí tó ń rán ewé pọ̀ ṣe ilé, kì í ní ìdin tó bẹ́ẹ̀. Èèrà tá a máa ń fi iná lé torí pé ó ń tani.

Pákó náà ń jìyà ẹ̀sùn yìí. Pálẹ́ẹ̀tì tí wọ́n to páálí lé gbọ́dọ̀ ti gba ooru ìwọ̀n 56 dé àárín igi fún ìṣẹ́jú 30, kó sì ní òǹtẹ̀ tó ní àwòrán ṣírí ọkà lára. Bí kò bá sí òǹtẹ̀, ọsàn tó mọ́ lè ti ara pákó ìdí rẹ̀ padà sílé.

Ní ti ìwé gan-an, kò gùn. Orúkọ ẹni tó ń fi ránṣẹ́ àti ẹni tó ń gbà á, ibi tí ọsàn ti so, iye páálí, orúkọ rẹ̀ lédè àwọn onímọ̀ (ti ọsàn mímu ni Citrus sinensis), irú ìtọ́jú tó gbà. Lẹ́yìn náà ni àyè kan fún gbólóhùn àfikún, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: ibẹ̀ ni ìjọba wa á ti sọ ní pàtó, àrùn kan tẹ̀ lé òmíràn, irú ẹ̀rí tó ní pé ọsàn yìí ò ní wọn. Wọn ò gbọdọ̀ pa á rẹ́ kí wọ́n tún un kọ. Fún Yúróòpù, kò gbọdọ̀ lé ní ọjọ́ 14 láàárín ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i àti ọjọ́ tí ọjà gbéra. Nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ìwé náà, ẹ ó tún rí gbólóhùn kan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín: pé ilé iṣẹ́ ìjọba tó fọwọ́ sí i ò ní san gbèsè kankan nítorí ìwé yìí. Ọsàn tó bá jẹrà lójú ọ̀nà, orí ẹni tó ni ín ni.

Nígbà kan, aṣojú kan sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé òun lè bá a gba phyto láìjẹ́ pé olùyẹ̀wò fojú kan ẹrù. Mo ní kó sá. Wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ ìjọba tó fọwọ́ sí ìwé bóyá òun ló fọwọ́ sí i lóòótọ́, ọjà tí Yúróòpù bá sì dá dúró, orúkọ orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ tí gbogbo ayé ń rí. Ìwà ẹnì kan lè mú kí àyẹ̀wò le fún gbogbo ẹni tó ń ta irú ọjà kan náà láti ìlú rẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí ìrìn àjò ọsàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ọ́fíìsì kuarantáìnì, kí èèyàn tó gbin igi kan. Ìbéèrè tó yẹ kó gbé lọ ni: èso báyìí, láti ìlú báyìí, lọ sí ìlú báyìí, kí ni wọ́n ń fẹ́? Nàìjíríà ń so ọsàn gan-an, Bẹ́núè ló ṣíwájú, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ la sì ń mu tán nílé. Èèpo tiwa máa ń wà ní àwọ̀ ewé bó tilẹ̀ pọ́n, torí òru wa ò tutù tó láti pa àwọ̀ ewé náà. Oníbàárà Yúróòpù lè ní kò tíì pọ́n. Ìyẹn o, aṣọ́gi ò ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọ̀rọ̀ ojú ọjà ni.

Ẹni tí gbogbo èyí bá sú lè fún omi inú ọsàn náà jáde, kó máa ta omi rẹ̀. Omi ọsàn tí wọ́n ti fi iná pa ohun tó wà nínú rẹ̀ ò lè gbé àfòpiná tàbí àmì dúdú wọ̀lú, kò sì nílò phyto. Bràsíl, tí àrùn ọsàn pọ̀ nínú oko rẹ̀, ló ń ta omi ọsàn jù láyé. Àwọn aṣọ́nu ṣì ń dúró dè é, àmọ́ àwọn aṣọ́gi ti kúrò lójú ọ̀nà.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn fẹ́ kó díẹ̀ sínú àpò lọ fún ọmọ: láti ọjọ́ 14 oṣù kejìlá 2019, èso tútù tẹ́ ẹ lè gbé wọ ilẹ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù láìsí phyto kò ju márùn-ún lọ, ọ̀pẹ̀yìnbó, àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, déètì àti durian. Ọsàn ò sí níbẹ̀. Bìrìtéènì gba èso ọsàn, kò gba ewé rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ kọ gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù wọn. Wọ́n á ṣáà gbà á lọ́wọ́ yín, àmọ́ ẹni tó fi pa mọ́ ni wọ́n ń bu owó ìtanràn lé.

Ìgbà kan wà tí kò sẹ́ni tó ń béèrè. Ní 1870, wọ́n kó ọmọ igi ọsàn láti Bahia ní Bràsíl, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, lọ sí Washington. Ọsàn náà ní ìdodo nísàlẹ̀, kò sì ní kóró. Ní 1873, obìnrin kan tó ń jẹ́ Eliza Tibbets gba méjì nínú irú rẹ̀, ó gbìn ín sí Riverside ní Kalifọ́níà, ara wọn ni wọ́n sì ti gé ẹ̀ka tó wá kún oko Kalifọ́níà. Ọdún 1912 ni Amẹ́ríkà tó ṣe òfin kuarantáìnì fún ohun ọ̀gbìn. Ọ̀kan nínú igi méjèèjì ṣì wà láàyè, etí títì ló wà. Wọ́n ti kọ́ ilé àwọ̀n bò ó látòkè délẹ̀, kí kòkòrò tín-ín-rín tó ba Florida jẹ́ má bàa bà lé e.

Bí mo ṣe ń sọ èyí lọ, àbúrò mi ti bó ọsàn tó kún atẹ. Ó gbé bàsíà èèpo, ó dà á sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ewúrẹ́ méjì sáré dé. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, a ti rí ẹni tó ń jẹ èèpo."